Lẹ́tà Tí Mo Kọ Nípa Ẹkù Odò Arère

Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta ni mí nígbà tí mo jókòó sídìí tábìlì mi, tí mo kọ lẹ́tà kan tí ó pa iná méjìlá lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Iná tí mò ń wí kì í ṣe iná mànàmáná. Ìyẹn kì í fi bẹ́ẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa rárá. Iná ìdí ìkòkò epo ni. Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tísà fún bí ọdún méjì, àwọn ológun sì ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ìjọba fún alágbádá, gbogbo wa ń retí pé nǹkan yóò dára. Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ ti máa ń bi mí pé kí ló dé tí mo máa ń dákẹ́ bí ọkọ̀ wa bá dé orí afárá odò Arère. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń sún ìdáhùn náà síwájú. Ọjọ́ orí mi kò gbà mí láyè láti tún sún un mọ́.

Kí a tó dé orí lẹ́tà, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú yín sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ẹkù. Ẹkù ni à ń pe ibi tí àwọn obìnrin ti ń ṣe epo pupa. Tiwa wà létí odò Arère, lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́, ní ọ̀nà tí ènìyàn lè gbà dé oko àwọn ará Òmù. Kí ènìyàn tó rí i ni yóò ti gbóòórùn rẹ̀: òórùn ẹyìn tí ó jinná, èéfín ihá ẹyìn tí a fi ń dáná, àti òórùn ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí oòrùn ń pa. Lẹ́yìn náà ni yóò gbọ́ ìró ẹsẹ̀. Obìnrin mẹ́ta mẹ́ta á wọ inú ọpọ́n ńlá tí a fi òkúta àti amọ̀ mọ, wọ́n á di igi tí a fi dábùú lókè orí wọn mú, wọ́n á sì máa tẹ ẹyìn sísè lọ, pọ̀tọ̀, pọ̀tọ̀, pọ̀tọ̀. Bí mo bá wà ní kíláàsì, tí mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò, ìró ẹsẹ̀ yẹn a máa bá wa ka òǹkà. Bí ó bá dáwọ́ dúró, àwa náà á gbójú sókè.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ra epo nínú kẹ́ẹ̀gì rò pé iṣẹ́ ọjọ́ kan ni. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n á kọ́kọ́ kó ìdì ẹyìn jọ, wọ́n á fi ewé bò ó fún ọjọ́ mélòó kan kí ẹyìn lè tú lára ìdì. Wọ́n á ṣà á, wọ́n á sè é, wọ́n á tẹ̀ ẹ́. Wọ́n á bu omi lé e, epo yóò sì léfòó bí ìfófó ọṣẹ. Ìfófó náà ni wọ́n ń fi ọwọ́ kó sínú ìkòkò mìíràn, tí wọ́n á tún sè títí omi inú rẹ̀ yóò fi gbẹ. Obìnrin tí kò bá ní sùúrù, epo rẹ̀ yóò máa ta bí ó bá dé inú agbada, gbogbo ọjà ni yóò sì mọ̀ ọ́n. Gìgísẹ̀ wọn kì í funfun. Bí wọ́n bá kúnlẹ̀ láti gba oúnjẹ alẹ́ Olúwa ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, ẹni tí ó jókòó lẹ́yìn lè fi gìgísẹ̀ pupa ka iye àwọn obìnrin ẹkù. Àwọn tí wọ́n jẹ́ Mùsùlùmí sọ fún mi pé bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí ní mọ́ṣáláṣí. Àlùwàlá kì í mú un kúrò.

Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ni, mo wọ ṣòkòtò funfun kan, mo lọ kí ẹ̀gbọ́n mi ní ẹkù. Kí n má purọ́, mo fẹ́ kí wọ́n rí mi ni. Bí mo ti gbé ẹsẹ̀ kejì ni ilẹ̀ yọ̀ mọ́ mi lẹ́sẹ̀, mo sì jókòó gbàgà sínú ìfófó epo. Obìnrin kan tí à ń pè ní Ìyá Ràṣídì, ẹni tí kò sí ohun tí kò lè sọ di ẹ̀rín, ni ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Ẹ̀yin Kìrìsìtẹ́nì, ẹ wá wò ó o! Tísà yín ti tún ìrìbọmi ṣe!"

"Ìyá Ràṣídì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fà mí dìde."

"Kí n fà ọ́ dìde kẹ̀? Ẹni tí ó fẹ́ràn epo tó báyìí! Ẹ bá mi yan iṣu wá o, epo rẹ̀ ti wà nílẹ̀."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí obìnrin kan fi jókòó sílẹ̀. Ṣòkòtò náà kò funfun mọ́ láéláé. Oko ni mo wọ̀ ọ́ lọ títí ó fi gbó.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Yèyé Fọlákẹ́ bí gbogbo ìlú ti ń pè é, ni olórí ẹkù. Epo rẹ̀ ni a tà tí mo fi kàwé. Bàbá wa ti kú kí n tó lè dá bàtà wọ̀. Òun ni ó tẹ ẹyìn, tí èmi fi jókòó lórí àga ilé ẹ̀kọ́. Nítorí náà, kò sí ọ̀rọ̀ kan tí mo mọ̀ ọ́n kọ tí epo rẹ̀ kò kán sí.

Àṣà kan wà ní ẹkù wa tí n kò rí irú rẹ̀ nínú ìwé ìjọba kankan. Ẹni tí ó bá lọ́pẹ ni ó ni epo. Ṣùgbọ́n ihá, ìyẹn ràràgbá ẹyìn tí a fi ń dá iná, àti èkùrọ́ kì í ṣe tirẹ̀. Ẹni tí kò lọ́pẹ, tí ó wá bá a tẹ ẹyìn, ni ó ni wọ́n. Opó tí kò ní ilẹ̀, ìyàwó tí ọkọ rẹ̀ lọ sí ìdálẹ̀ tí kò bọ̀, àjèjì tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, gbogbo wọn ni ó ní ẹsẹ̀. Ẹsẹ̀ náà sì tó. Ìyá Ràṣídì kò ní igi ọ̀pẹ kan ṣoṣo. Oníṣòwò ni ọkọ rẹ̀, ará òkèèrè ni, ó sì kú láìfi ilẹ̀ sílẹ̀. Èkùrọ́ ni obìnrin yìí ń kó jọ, tí ó fi ń ṣe àdín tà, tí ó fi tọ́ ọmọ, tí ó sì fi kan páànù sórí ilé rẹ̀. Nínú gbogbo ọdún tí mo gbé ní ìlú wa, n kò rí obìnrin kan tí ó sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ẹkù ní ọwọ́ òfo, tí ó sì gòkè bọ̀ ní ọwọ́ òfo.

Bí ọdún iṣu tuntun bá dé, wọn kì í ta epo ọjọ́ yẹn. Ilé kọ̀ọ̀kan ní ìlú ni yóò rí igbá epo kékeré gbà láti ẹkù, onígbàgbọ́, ìmàle, ẹni tí wọ́n bá jà àti ẹni tí wọn kò bá jà. Mo rántí bí ó ti ń rí: iṣu sísun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ họ, epo tí ó ṣì gbóná, iyọ̀ díẹ̀. A kì í sọ̀rọ̀ bí a bá ń jẹ ẹ́.

Odò náà ńkọ́? Ẹ má rò pé wọn kò ro ti odò. Omi dúdú tí ó ń ṣẹ́kù lẹ́yìn tí a bá ti kó epo, omi burúkú ni. Ó ń pa ẹja, ó ń pa koríko. Àwọn obìnrin náà mọ èyí kí a tó bí mi. Wọ́n gbẹ́ kòtò ńlá kan sáàárín ọ̀gẹ̀dẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ń da omi náà sí kí ilẹ̀ lè máa mu ún díẹ̀díẹ̀. Ààrò méjìlá ni ó wà ní ẹkù, ṣùgbọ́n mẹ́rin péré ni wọ́n ń dá iná sí lóòjọ́, kí kòtò má baà kún. Bí ọjọ́ ọjà bá pé, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dá iná rárá. Wọ́n ní odò ń sinmi. Ẹni tí ó bá da omi ẹyìn sínú Arère, kò ní dá iná fún ọjà méjì gbáko, yóò sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́ ẹrẹ̀ inú kòtò. Bí ọjọ́ tí ó kan Mùsùlùmí láti dá iná bá bọ́ sí ọjọ́ Jímọ̀, Kìrìsìtẹ́nì á bá a ṣe é. Bí ó bá bọ́ sí ọjọ́ Ìsinmi, Mùsùlùmí á san án padà. Kò sí ẹni tí ó kọ òfin yìí sílẹ̀. Bóyá ìdí nìyẹn tí èmi, tí mo gbẹ́kẹ̀ lé ohun tí a kọ sílẹ̀, kò fi kà á sí òfin.

Ní ọdún tí mò ń sọ yìí, òjò kan rọ̀ tí ó wó ògiri, tí ó sì gbé igi lulẹ̀ ní ọ̀nà Ìkọ̀lé. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mò ń lọ sí oko, mo sì dúró lórí afárá. Ojú odò Arère ti dúdú. Epo ń tàn lójú rẹ̀ bí òṣùmàrè, ẹja wẹ́wẹ́ mélòó kan sì ti yí inú sókè. Nísàlẹ̀ odò náà ni àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ wa ti ń pọn omi mímu. Fún ọgbọ̀n ọdún ó lé ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ yẹn pé kí wọ́n fọ ọwọ́, kí wọ́n se omi. Inú bí mi. N kò yà sí ẹkù. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ yẹn sọ́kàn: láti ibi tí mo dúró sí dé ẹkù kò ju ìrìn ìṣẹ́jú márùn-ún lọ, n kò sì yà.

Mo padà sílé, mo kọ lẹ́tà sí ọ́fíìsì tí ń bójú tó àyíká. Mo kọ ọ́ dáadáa. Mo fi rúlà fa ìlà méjì sábẹ́ àkọlé rẹ̀. Kò sí irọ́ kan nínú rẹ̀: omi dúdú ń ṣàn sínú odò, ẹja ń kú, ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ń mu omi náà, kí ìjọba gbé ìgbésẹ̀. Lẹ́yìn oṣù púpọ̀ ni mo tó gbọ́ pé òjò ni ó ya etí kòtò. Nígbà tí mo ń fa ìlà mi lọ́wọ́, àwọn obìnrin náà ti ń fi apẹ̀rẹ̀ ru amọ̀, wọ́n ti dí ibi tí ó ya, wọ́n sì ti rán ẹnìkan sí ilé ẹ̀kọ́ pé kí àwọn ọmọ má pọn omi fún ọjọ́ mẹ́ta. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Èmi kò tilẹ̀ gbọ́ ti ẹnìkan. Ojú mi nìkan ni mo gbọ́ tirẹ̀.

Èsì dé lẹ́yìn oṣù méjì. Wọ́n ń bọ̀ wá ṣe àyẹ̀wò, wọ́n sì dá ọjọ́. Inú mi dùn. Mo rò pé wọ́n á wá kọ́ àwọn obìnrin náà bí a ti ń ṣe é sí i, bóyá wọ́n á tilẹ̀ fún wọn ní sìmẹ́ńtì. Mo lọ bá ẹ̀gbọ́n mi.

"Ẹ̀gbọ́n mi, àwọn ará ọ́fíìsì ìjọba ń bọ̀ wá wo ẹkù."

"Wọ́n ń bọ̀ wá wo kí ni?"

"Uṣẹ́ yín. Bí ẹ ti ń ṣe é."

"Ta ni ó sọ ọ̀rọ̀ wa fún wọn?"

Mo wúkọ́. Mo ní, "Ìjọba alágbádá ni. Wọ́n fẹ́ mọ ìlú."

Kì í ṣe irọ́ pátápátá. Òtítọ́ tí a gé lórí ni.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, àwọn obìnrin ẹkù ṣe ìpàdé lábẹ́ igi arère tí ó wà létí odò. Wọ́n ti gbọ́ pé ní ìlú kan lápá Ọ̀yẹ́, àwọn ará ọ́fíìsì wá wo àwọn obìnrin tí ń ṣe gàrí, nígbà tí yóò fi di oṣù kejì, wọ́n gbé ẹ̀rọ wá fún wọn. Ọ̀rọ̀ náà ni ó wà lọ́kàn gbogbo wọn.

"Àlejò tí ó fẹ́ fún ni ní nǹkan, a kì í jẹ́ kí ó bá ààrò tútù," ni Ìyá Ràṣídì wí. "Bí wọ́n bá rí iná mẹ́rin, wọ́n á ní uṣẹ́ ọwọ́ wa kò tó nǹkan. Gbogbo ààrò ni ká dá!"

Obìnrin kan ní, "Ṣùgbọ́n ọjọ́ ọjà ni wọ́n dá. Odò ń sinmi lọ́jọ́ náà."

Ẹ̀gbọ́n mi yíjú sí odò. Ó wò ó bí ẹni tí ó ń bẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ọjọ́ kan ṣoṣo ni. Odò á gbọ́ ti wa."

Mo wà níbẹ̀. Mo gbọ́. N kò sọ ohun kan.

Ẹ̀yin ọmọ mi, n kò rí ẹkù bí mo ti rí i lọ́jọ́ yẹn rí. Wọ́n gbá gbogbo ilẹ̀ mọ́ tónítóní. Wọ́n wọ aṣọ tí wọ́n fi ń lọ sí ìsìn. Ààrò méjìlá ni ó ń jó lẹ́ẹ̀kan náà, èéfín bo igi, ẹsẹ̀ ń dún nínú ọpọ́n, iṣu sísun àti epo tuntun wà lórí àtẹ fún àlejò. Nígbà tí yóò fi di ọ̀sán, kòtò tí a gbẹ́ fún iná mẹ́rin ti kún. Ó ń ṣàn kọjá etí rẹ̀, ó gba abẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ kọjá, ó sì wọ inú Arère. Àwọn obìnrin rí i. Wọ́n fi ewé bò ó.

Mẹ́ta ni àwọn àlejò náà. Ọ̀gá wọn jẹ́ ọmọbìnrin kan tí ojú rẹ̀ tutù, ó kúnlẹ̀ kí ẹ̀gbọ́n mi dáadáa. Kò fọwọ́ kan iṣu. Ó ní kí a má bínú, iṣẹ́ ni òun kọ́kọ́ fẹ́ ṣe. Ó rìn lọ sídìí kòtò, ó fi bàtà tú ewé ká, ó tẹ̀ lé omi dúdú náà dé etí odò. Ó kọ nǹkan sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀.

"Ẹ̀yin ìyá wa, ṣé ojoojúmọ́ ni ẹ máa ń dá iná tó báyìí?"

"Ojoojúmọ́ ni, ọmọ mi!" Ìyá Ràṣídì fi ọwọ́ sọ̀yà. "Bí a bá rí ìrànlọ́wọ́, a ó dá ìlọ́po méjì rẹ̀!"

Àwọn yòókù pàtẹ́wọ́. Ọmọbìnrin náà tún kọ nǹkan sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ṣí fáìlì rẹ̀, ó ní òun fẹ́ wò ó bóyá ohun tí òun rí bá lẹ́tà tí ó wá láti ìlú yìí mu.

Gbogbo obìnrin tí ó wà níbẹ̀ ni mo ti bá kọ lẹ́tà sí ọmọ wọn rí. Wọn kò mọ̀wé kà, ṣùgbọ́n wọ́n mọ ọwọ́ mi bí wọ́n ti mọ ìrìn mi: yínkì aláwọ̀ aró, àti ìlà méjì tí mo máa ń fi rúlà fà sábẹ́ àkọlé. Ìyá Ràṣídì ni ó sún mọ́ ọn jù. Ó wo ìwé náà. Ó wò mí. Ó tún wo ìwé náà.

"Tísà," ó ní, ohùn rẹ̀ sì kéré, "ọwọ́ rẹ kọ́ nìyí?"

Iná ń jó. Ìkòkò ń hó. Àwọn tí ó wà nínú ọpọ́n kò tẹ ẹyìn mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi tú gèlè rẹ̀, ó tún un wé, bí ó ti máa ń ṣe bí òkú bá kú. Kò wo ojú mi. Ó yíjú sí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ó ní, "Ẹ pa iná."

Àwọn àlejò náà fi ọ̀dà pupa kọ àmì sára òpó ẹkù pé a ti tì í pa kí wọ́n tó lọ. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo gun ọ̀kadà lọ sí ọ́fíìsì ọmọbìnrin náà lọ bẹ̀ ẹ́. Ní ìgbà kejì, ó fún mi ní àga, ó sì fún mi lómi.

"Ọmọ mi, àwọn obìnrin yẹn ní òfin tiwọn. Ọjọ́ tí ẹ wá kì í ṣe bí wọ́n ti máa ń ṣe. Ẹ fún wọn ní ọdún kan tàbí méjì kí wọ́n fi tún kòtò ṣe."

"Bàbá, omi yẹn ń pa ẹja, àbí kì í pa á?"

"Ó ń pa á."

"Ẹ̀yin náà ni ẹ kọ ọ́ sí wa."

"Èmi ni."

"Ẹ wò ó, Bàbá. Ohun tí ó wà nínú ìwé ni mò ń tẹ̀lé. Wọn kò kọ ti ẹkù kékeré lọ́tọ̀, ti ẹkù ńlá lọ́tọ̀. Ọ̀kan náà ni. Bí mo bá fi èyí sílẹ̀, wọ́n á ní mo gba rìbá."

N kò lè bá a jà. Ohun tí ìwé náà béèrè dára: kòtò onísìmẹ́ńtì mẹ́ta, ẹkù tí ó jìnnà sí omi, ihò èéfín gíga, àti ìwé àṣẹ tí a ó máa tún gbà lọ́dọọdún. Ṣùgbọ́n ó dà bí ìgbà tí olùkọ́ bá gbé ìdánwò kíláàsì kẹfà fún ọmọ kíláàsì kìn-ín-ní, tí ó wá ní òun kò ṣe ojúsàájú. Ta ni nínú àwọn obìnrin náà tí ó lè kọ́ kòtò mẹ́ta?

Ẹni tí ó lè kọ́ ọ dé kí ọdún náà tó parí. Ọkùnrin kan tí owó wà lọ́wọ́ rẹ̀ wá láti apá Ìdó, ó ra ilẹ̀ sétí títì ọlọ́dà, ó gbé ẹ̀rọ wá, ó kọ́ gbogbo ohun tí òfin béèrè, ó sì gba ìwé àṣẹ. Kì í ṣe ènìyàn búburú. Ó gba ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́rin síṣẹ́, ó sì máa ń dá owó ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ọkọ̀ akẹ́rù bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ìlú wa. Bí ẹ bá béèrè lọ́wọ́ ará kánsù, wọ́n á ní epo tí ó ń jáde láti ìlú wa pọ̀ ju ti àtijọ́ lọ. Òtítọ́ ni. Epo pọ̀ sí i. Àwọn tí ó ń jẹ lára rẹ̀ ni ó dín kù.

Àwọn tí ó lọ́pẹ ń ta ìdì ẹyìn fún un, wọ́n ń rí nǹkan díẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kò nílò ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni. Èkùrọ́ sì jẹ́ ti ẹni tí ó ni ẹ̀rọ. Ó ń kó o tà fún àwọn oníṣòwò ńlá pẹ̀lú ọkọ̀. Ihá náà, inú iná ẹ̀rọ ni ó ń bá lọ. Àwọn tí kò lọ́pẹ kò ní ohun tí wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ lọ ṣe mọ́. Àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́ igi ìdáná nínú igbó, wọ́n gé e títí igbó etí odò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Kò sí òfin tí ó bá wọn débẹ̀.

Ìyá Ràṣídì wá sílé mi lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Kò ṣe àwàdà. Ó jókòó, ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ síwájú, mo sì rí i pé gìgísẹ̀ rẹ̀ ti funfun.

"Tísà, bá mi kọ lẹ́tà sí Ràṣídì. Sọ fún un pé mò ń bọ̀ wá bá a gbé."

"Ìyá Ràṣídì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí."

"Kọ ọ́ dáadáa," ni ó wí. "O mọ̀ ọ́n kọ."

Mo kọ ọ́. Ìyá Ràṣídì lọ ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e, nígbà tí ó sì kú, ìlú ọmọ rẹ̀ ni wọ́n sin ín sí.

Ẹ̀gbọ́n mi kò bá mi jà. Ó ń dáhùn ìkíni mi, ó ń gbé oúnjẹ fún mi bí mo bá dé ulé rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sọ̀rọ̀ ẹkù létí mi fún ọdún púpọ̀. Ìgbà tí àìsàn dá a dùbúlẹ̀ ni ó ránṣẹ́ pè mí. Ó ní, "Àbúrò mi, ṣé o ṣì ní ẹ̀dà lẹ́tà yẹn?" Mo ní mo ní in. Ẹ mọ̀ pé n kì í ju ìwé nù. Ó ní, "Lọ mú un wá, kà á fún mi."

Mo kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó di ojú rẹ̀, ó ń gbọ́.

"Òtítọ́ ni gbogbo rẹ̀," ni ó wí. "Níbo ni o kọ ọ́ sí pé odò ń sinmi lọ́jọ́ ọjà?"

"N kò kọ ọ́, ẹ̀gbọ́n mi."

"Níbo ni o kọ èkùrọ́ Ìyá Ràṣídì sí?"

"N kò kọ ọ́."

"Ìwọ tí o máa ń fi yínkì pupa kọ ọ́ sínú ìwé àwọn ọmọ pé wọn kò dáhùn ìbéèrè tán." Ó la ojú, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́ sí mi, ohun tí ó jẹ́ kí ó dùn mí jù nìyẹn. "O kò dáhùn tán, àbúrò mi."

Kò pé oṣù kan tí ó fi lọ.

Mo sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Arère ní ọdún tó kọjá, pẹ̀lú ọ̀pá mi. Ọpọ́n òkúta ti là, igi ti hù láàárín rẹ̀. Ọ̀dà pupa ṣì hàn díẹ̀ lára òpó. Odò náà mọ́ gaara. Ènìyàn lè ka òkúta ìsàlẹ̀ rẹ̀, ẹja wẹ́wẹ́ sì ń lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀. Ohun tí mo béèrè nínú lẹ́tà mi ni mo rí gbà, láìkù síbì kan. Ṣùgbọ́n àwọn ẹsẹ̀ tí ó máa ń la ọ̀nà kò sí mọ́, koríko ti bo gbogbo rẹ̀, àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ sì ń ra omi inú ọ̀rá. Omi Arère mọ́, kò sì sí ẹni tí ó ń pọn ọ́n.

N kò ní kí ẹ má fẹ́ òfin. Bí kò bá sí òfin, ẹni tí ó lágbára ni yóò mu odò gbẹ. N kò sì ní kí ẹ má kọ lẹ́tà. Ohun tí mo bẹ̀ yín ni pé, bí ẹ̀yin náà bá di ọ̀gá ní ọ́fíìsì lọ́la, tí ẹ fẹ́ fi kálàmù kan iṣẹ́ tí àwọn ẹlòmíràn fi ń jẹun, ẹ kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ lọ bá wọn. Ẹ jókòó lọ́dọ̀ wọn láti ọjọ́ ọjà kan dé èkejì. Ẹ béèrè ọjọ́ tí odò ń sinmi, ẹ béèrè ẹni tí ó ni èkùrọ́, kí ẹ tó fa ìlà sábẹ́ ohunkóhun. Ẹ kọ́ ọ lára mi, kí ó má baà jẹ́ pé lára tiyín ni àwọn mìíràn yóò ti kọ́ ọ. Kò jìnnà. Ìrìn ìṣẹ́jú márùn-ún ni.